Àwọn Onílàjà Inú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí ológbò kan ń gbé inú àyà mi. Ẹ má tí ì rẹ́rìn-ín. Nígbà ọyẹ́, bí eruku pupa bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá bá wa ní Ṣakí, ológbò náà á ti jí kí n tó jí. Á máa hun, á máa súfèé: hùùù, fíìì, hùùù. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi tí a jọ ti hu ewú, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà lórí ibùsùn. "Bàbá Ìbejì, ẹ lé ẹran yín jáde, oorun ń kùn mí." Èmi náà á fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èémí tí mo fẹ́ fi dáhùn, ológbò ti jókòó lé e lórí.

Kí ológbò yìí tó kó wọlé, ohùn mi kì í ṣe ohùn kékeré. Èmi ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, ẹni tó ń pe àwọn ènìyàn wá sí ìrun, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe jẹ́ kí n tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí inú mi bá dùn, tí mo bá pe ìrun Àsùbáà, àwọn ará Àgọ́-Àrẹ á dìde ṣe àlùwàlá, wọ́n á rò pé ládàánì tiwọn ló pè é. Ọdẹ kan sọ fún mi pé ẹfọ̀n méjì tó ń kàn níjù gbọ́ mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tú ìjà ká, ọ̀kan tiẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe ń tà á. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́, mo fi èkarùn-ún sílẹ̀ fún àwọn tó ní sùúrù, nítorí náà ẹ má ní kí n wá fi ìṣirò ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí a ń wí yìí, oṣù ààwẹ̀ yóò bọ́ sí ìdí ọyẹ́ gan-an. A ń pa ọkà bàbà lóko, ìyàngbò rẹ̀ ń fò bí eéṣú, èmi sì dúró sí ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ bí òmùgọ̀, mo ń pàṣẹ. Láti ọjọ́ náà ni ikọ́ fée, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ásímà, ti di mí mú. Mo ti máa ń hun díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo dúró ní ipò mi, mo na ọwọ́ sí etí, mo gbé ìpèrun sókè. Mo pè é dé àárín. Ibi tí a ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá kírun, èémí mi já. Mo la ẹnu sílẹ̀ bí òbúkọ tí okùn rẹ̀ ti tán. Àwọn tó wà lórí ẹní nínú ilé wọn ń dúró de ìdajì tó kù, nígbà tí wọn kò gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, alápatà ọ̀rẹ́ wa pàdé mi lójú ọ̀nà, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ládàánì, ìdajì ìrun lẹ pè lónìí. Ìdajì ìrun náà ni mo kí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ikọ́ náà lọ. Ẹni tó sì tún fi iyọ̀ sójú egbò ni aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ kò burú, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Òun ló lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mọ́sáláṣí, ó sì ń wojú mi bí ẹni tó ra màlúù wá síbi ìnáwó. "Bàbá," ló wí, "ẹ jókòó sílé kí ẹ máa mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ̀rọ kì í wúkọ́."

Lèmọ́mù wa pè mí sẹ́yìn mọ́sáláṣí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi àti òun la jọ ké kéú, ẹgba kan náà ló na wá. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ládàánì, ààwẹ̀ ń bọ̀. Lóṣù ààwẹ̀, ohùn rẹ ni gbogbo ilé fi ń mọ ìgbà tí wọn yóò gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò gbé e sẹ́nu. N kò lè fi ìyẹn sọ́wọ́ èémí tó ń já. Jímọ̀ tó bá kángun sí ààwẹ̀, wàá pe ìrun lójú gbogbo wa. Bó o bá pè é dópin, kò sẹ́ni tó máa mí sí ipò rẹ. Bó ò bá pè é dópin, aránṣọ á gbà á, ìwọ á sì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní sáàfù iwájú, ìlà àwọn àgbà." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìjókòó yẹn jẹ́ oyè. Mo wò ó, mo rí i pé ojú ń ti òun náà. Kí ni mo tún ní láyé lẹ́yìn ìpèrun yẹn? Oko iṣu kan, ìyàwó kan, àti àwọn ìbejì méjì tó ń pè mí láti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n bá rántí. Bí mo bá kọjá lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní àgbẹ̀. Ládàánì ni wọ́n ń pè mí.

Mo wá oògùn. Mo lá oyin títí kòkòrò fi ń tẹ̀ lé mi. Ẹnì kan ní kí n máa fín èéfín ewé sára, mo fín in, díẹ̀ ló kù kí n bá èéfín lọ. Kẹ́míìsì kan ta agolo kékeré aláwọ̀ búlúù kan fún mi, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí yóò fẹ́ atẹ́gùn oògùn sí ènìyàn lọ́fun. Ìyẹn ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí mo bá fà á, ológbò á sá jáde. Ṣùgbọ́n ó ń lé ológbò jáde ni, kì í ti ilẹ̀kùn. Kí n tó mu omi tán, ẹran náà ti padà wọlé, ó tún bínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Ìyá Ìbejì rí i pé mo ti ń fa búlúù bí ẹni ń mu omi, ó wọ̀wù, ó wé gèlè, ó ní, "Ọsibítù là ń lọ. Bí ẹ kò bá lè rìn, màá pọ̀n yín." Mo mọ̀ ọ́n, kò ní ṣàì pọ̀n mí lóòótọ́.

Dókítà obìnrin kan la bá níbẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn ni, ó wá láti ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Ìbàdàn láti ṣèwádìí lórí àwọn oníkọ́ fée agbègbè wa. Ìyá Ìbejì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀wù funfun. Èmi kì í bẹ̀rù ẹ̀wù. Ó gbé irin tútù lé mi láyà, ó gbọ́ ológbò, ó mi orí.

"Bàbá, nínú ẹ̀jẹ̀ yín, àwọn ọmọ ogun wà."

"Ta ló gbà wọ́n síṣẹ́?"

"Ọlọ́run ni. Iṣẹ́ wọn ni láti bá kòkòrò àìsàn jà. Ṣùgbọ́n tiyín ti ń ṣe àṣejù. Eruku ọkà bàbà lásán bá wọlé, wọ́n á rò pé ọ̀tá ni, wọ́n á gbé ìjà dìde. Ojú ọ̀nà tí èémí ń gbà á wú, á há. Fèrè tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń fún ara rẹ̀ kọjá ni."

"Kò sí àgbà láàrin wọn ni, ọmọ mi?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni pé mo jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ó wà, Bàbá. Àwọn gan-an ni mo bá wá síbí. Àwọn kan wà lára ọmọ ogun yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé, 'Ó tó, ẹ sọ idà sílẹ̀.' Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní onílàjà. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée, wọn kì í pọ̀ tó, tàbí kí wọ́n wà níbẹ̀ kí apá wọn má ká ìjà."

Ó wá mú agolo mìíràn jáde. Èyí jẹ́ aláwọ̀ obì gbígbẹ. Ó ní sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀, pé kì í ṣe ẹgbẹ́ búlúù. Búlúù wà fún ìgbà tí ìjà bá ti bẹ́. Èyí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, bí ara bá le, bí ara kò le. Ó ń pàrọwà fún àwọn ọmọ ogun díẹ̀díẹ̀, ènìyàn lè máa fà á fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó rí ìyàtọ̀. "Àwọn kan nínú àwa tó ń wádìí rí i pé ó jọ pé ó ń mú kí onílàjà pọ̀ sí i, tàbí kó jẹ́ pé ó ń fún àwọn tó wà níbẹ̀ lágbára," ló wí. "Àwọn mìíràn wò ó, wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí n tún wò ó tó bá yá." Ó tún kìlọ̀ pé bí mo bá ti fà á tán, kí n fi omi yọ ẹnu, kí n tu ú dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sí mi láhọ́n. Ó fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kékeré. Mo ní kó bá mi wò ó bóyá bàbá ìyàwó mi wà níbẹ̀, nítorí pé nígbà ayé rẹ̀, kò sí ìjà tí kò lè là. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó délé, ìròyìn ti gbèrú lẹ́nu mi. Ọlọ́kadà tó gbé wa ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta wàrà ní oríta. Nígbà tí mo fi dé iwájú mọ́sáláṣí, àwọn onílàjà ti wọ agbádá funfun, wọ́n ti tẹ́ ẹní sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, wọ́n ń jẹ obì.

Níwájú mọ́sáláṣí yẹn, igi dóńgóyárò kan wà tí àwa àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Òfin kan wà lábẹ́ igi náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí: ẹni tó bá mú áásáà jáde, kò gbọ́dọ̀ dá a fà. Agolo áásáà gbọ́dọ̀ yí ká, láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó tó padà sápò olówó rẹ̀. Ẹni tó bá yíjú sí ògiri láti dá a fà, ahun ni, wọ́n á sì sọ ọ́ níbi fìdáù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àkókò oògùn ìrọ̀lẹ́ tó, tí mo mú agolo aláwọ̀ obì jáde, mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, tí mo fẹ́ dá a padà sápò, gbogbo ojú ń wò mí.

"Ládàánì," ni alápatà wí, "kí lẹ̀ ń fi pamọ́ fún wa?"

"Oògùn ni."

"Áásáà náà, oògùn ni. Ẹ gbé e wá."

Kí ni kí n ṣe? Ọmọ tí a kọ́ nílé ni mí. Mo gbé e fún un. Alápatà fà á, ó dijú, ó ní òun ń rí egungun nínú ẹran láìla ẹran. Ẹnì kejì fà á, ó sín, ó ní àárẹ̀ orúnkún òun ti lọ. Ó yí ká títí ó fi kan aránṣọ, ẹni tó wá wọn ṣòkòtò fún ẹnì kan. "Bàbá, ẹ fún mi díẹ̀," ló wí, "kí ohùn mi lè jọ tiyín." Mo sì fún un. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀: ẹni tó fẹ́ gba ipò mi, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi bù fún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó tiẹ̀ di pé wọ́n ń tètè dé. Oògùn tí dókítà ní yóò gbé mi dé ìparí ọyẹ́, agolo rẹ̀ ti ṣófo kí ọyẹ́ tó le gan-an. Èmi ń tẹ òfìfo, mo ń fa atẹ́gùn lásán, mo sì ń dúró de àwọn onílàjà.

Àwọn ọmọ ogun kò dúró. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ fi eruku bo oòrùn mọ́lẹ̀, mo wà lóko, mo ń kó iṣu sínú àká. Àyà mi dí. Mo wá búlúù, mo fà á, mo tún un fà, kò gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, n kò lè pe orúkọ ara mi. Ìyá Ìbejì ló sáré dá ọlọ́kadà dúró lójú títì, wọ́n gbé mi sí àárín, ó di mí mú látẹ̀yìn bí ẹni di igi ìdáná. Ní ọsibítù, wọ́n fi ìbòmú kan bò mí tó ń rú bí ìkòkò ẹ̀kọ, wọ́n fún mi ní oníhóró sítẹ́rọ́ìdì tí n óò lò fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Èémí mi padà wá bí ọmọ tó sá nílé, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń tijú.

Dókítà tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, ó pè wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn onílàjà kò pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe kéré tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kéré.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn yìí?"

"Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í jáde látinú àpò mi."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀. "Dókítà," ló wí, "ẹ bi wọ́n pé ẹnu ta ló ń lọ."

Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ ìtàn igi dóńgóyárò tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, n kò mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ilé yín ń jó, ẹ wá ń kó onílàjà yín lọ parí ìjà nílé onílé." Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní oògùn kì í ṣe obì, pé kò sí oore kankan nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò ní àìsàn náà, àti pé ẹnu kan kì í bá ẹnu mìíràn pín irú agolo bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọkadà pẹ́ díẹ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìrun òkú ni wọn ì bá kí sí mi lára, kò sì ní sí ẹni tó máa ní kí n pè é.

Mo ní, "Ọmọ mi, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí ọ. O mọ̀ pé n kò lè jókòó láàrin àgbà kí n dá nǹkan fà." Ó mọ̀ ọ́n. Ìwé tó kà kò kọ́ ọ nípa igi dóńgóyárò. Ìyá Ìbejì ló wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ní kí wọ́n máa yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó tán. Ta ló ń bá ènìyàn pín àlùwàlá?"

Bí a ṣe délé, ó fi okùn so agolo tuntun tí dókítà fún wa mọ́ etí kẹ́tù àlùwàlá mi. Kí n tó ṣe àlùwàlá ìdájí, n óò fà á. Àlùwàlá fúnra rẹ̀ á yọ ẹnu mi. Kí n tó ṣe ti àṣálẹ́, bákan náà. Ẹni tó bá wà lẹ́nu kẹ́tù, kò sí ẹni tó ń ya ibẹ̀ láti tọrọ nǹkan. Kódà bí ààwẹ̀ bá dé, ọ̀kan á bọ́ sí ìgbà sàárì, èkejì á dúró di ìgbà tí a bá ti ṣínu. Dókítà gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá náà.

Oníhóró yẹn ní tirẹ̀, ẹ má bi mí. Ní ọjọ́ díẹ̀ tí mo fi lò ó, ebi tó pa mí kò ní orúkọ. Mo jẹ iyán tí a gún fún àwọn alágbàṣe, mo jẹ ti àwọn tí kò wá, adìẹ ilé wa rí ojú mi, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò. Nígbà tí mo lò ó tán, ebi náà bá a lọ.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n pè mí ní ahun. Mo ra áásáà fún wọn, wọ́n fà á, wọ́n ṣì ń pè mí ní ahun. Alápatà ní bí mo bá rí ọ̀run, n óò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara mi. Mo gba orúkọ náà, mo gbé e sápò. Ohun tó nira ni pé n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Àárọ̀, mo fà á. Ìrọ̀lẹ́, mo fà á. Ológbò ń wò mí. Jímọ̀ tí Lèmọ́mù dá ń súnmọ́ bọ̀, aránṣọ sì ti ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, "Hàló, hàló," bí ẹni ń pe ewúrẹ́ tó sọnù. Àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. Àgbà tó sọ ọ́ kò ní ikọ́ fée.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Ó gún mi gidi.

"Bàbá Ìbejì. Ṣé ẹ wà láàyè?"

"Kí ló dé?"

"N kò gbọ́ ológbò."

A jókòó lórí ibùsùn, àwa méjèèjì, arúgbó méjì, a ń tẹ́tí sí àyà ènìyàn kan. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń jáde, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà. Ìyá Ìbejì gbé orí lé mi láyà láti rí i dájú, ó sì gbàgbé láti gbé e kúrò.

Mo lọ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí dókítà rí èsì, ó gbìyànjú láti mú ojú le, kò lè mú un le. Àwọn onílàjà ti pọ̀ sí i. Mo ní ṣé kí n lọ kéde rẹ̀ ní ìlú. Ó ní rárá, pé nínú àwọn tí òun ń tọ́jú, àwọn kan wà tí èémí wọn ti dára láìjẹ́ pé iye onílàjà wọn yí padà, òun kò sì tí ì mọ ìdí rẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ni yín, Bàbá. Ẹnì kan kì í jẹ́ ẹ̀rí." Mo ní, "Fún iṣẹ́ tìrẹ, n kò tó ẹ̀rí. Fún tèmi, mo tó." Ó tún kìlọ̀ pé kí n má rò pé àìsàn ti tán, pé bí mo bá sọ agolo náà nù, ológbò mọ ọ̀nà ilé.

Jímọ̀ náà pé. Mọ́sáláṣí kún dé ìta, àwọn tí kì í wá rí wá. Wọn kò wá nítorí èmi nìkan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ ìkẹyìn ń fẹ́, eruku rẹ̀ ń jó lójú àgbàlá. Lèmọ́mù mi orí sí mi. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ wá síwájú ẹnu mi, ojú àánú ló fi gbé e, mo sì rí i pé kò fi ṣe mí yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Gbé e sẹ́yìn, ọmọ mi. Kó má baà bàjẹ́."

Mo na ọwọ́ sí etí. Mo gbé e sókè. Ìlà àkọ́kọ́ jáde, mo gbọ́ ọ bí ó ṣe gba orí páànù kọjá. Ìkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ń súnmọ́ àárín, ibi tí èmi àti òbúkọ olókùn ti pàdé níjọ́sí, ojú alápatà wà lára mi, ojú Lèmọ́mù wà nílẹ̀. Mo mí sínú. Ó wọlé. Ó wọlé lọ títí, ó kan ibi tó ti pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo pe gbogbo ayé wá sí ìrun, mo fà á gùn bí ọmọ Ìsẹ́yìn ṣe ń fa òwú òfì, kò já. Mo tún un pè, kò já. Mo gbé e dópin, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà ṣì ń lọ nígbà tí mo ti pa ẹnu dé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ijio, lẹ́bàá ààlà, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn gbọ́ ọ níbẹ̀, pé aṣọ́bodè kan dá ọjà tó gbà lọ́wọ́ olówò padà fún un. N kò bá a jiyàn.

Lèmọ́mù nu ojú, ó ní eruku ni. Lẹ́yìn ìrun, alápatà wá dúró níwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú, kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀. "Ládàánì," ló wí, "lónìí, odindi ìrun ni mo kí."

Aránṣọ ń ká wáyà rẹ̀ jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, èmi náà fa oògùn yẹn. Kí ló dé tí ohùn mi kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Nítorí pé ìwọ kò ní ìjà nínú. Jókòó sí tòsí, n óò kọ́ ọ bí a ṣe ń mí."

Mo sì kọ́ ọ. Ní báyìí, òun ló ń pe ìrun ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ìdájí àti Jímọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Dókítà ti padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ẹ́ wọlé, ó máa ń pè láti béèrè bóyá agolo ṣì wà létí kẹ́tù. Kẹ́tù àkọ́kọ́ ti jò, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Okùn náà ni kò yí padà. Àwọn oníkọ́ fée máa ń wá bá mi nílé, wọ́n fẹ́ fà lára tèmi. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù kí wọ́n gba tiwọn, pé ahun ni mí, kí wọ́n bi alápatà.

Nígbà mìíràn, tí mo bá dá jókòó, mo máa ń ronú nípa àwọn àgbà kéékèèké yẹn tí n kò fojú rí rí. Ọmọ ogun ló ń pariwo, onílàjà kì í pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ilé la fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ní ìdájí, nígbà tí mo bá ti fa oògùn, tí mo ti ṣe àlùwàlá, tí mo sì dúró ní ibi tí bàbá mi dúró sí, n kì í tètè pe ìrun. Mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí àyà mi díẹ̀. Ó dákẹ́. Ìgbà náà ni mo ń la ẹnu.